Yíyan gílóòbù iná iwájú mọ́tò

Gílóòbù iná iwájú ni apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde nínú ilé iná mọ́tò, tí ó ṣeé yọ, tí ó sì ṣeé pààrọ̀ bó bá jó. Orúkọ tó wà ní ìdí rẹ̀, bí i H4, H7, H11 tàbí 9006, ló ń sọ èyí tó bá ọkọ̀ kan mu. Bó ṣe mọ́lẹ̀ tó tàbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kì í ṣe òdiwọ̀n.

Orúkọ wọn

H1 ni gílóòbù halogen (èyí tí okùn iná rẹ̀ ń jó nínú gáàsì halogen) àkọ́kọ́ fún mọ́tò. Yúróòpù ló ti jáde ní 1962. Ní 1971 ni H4 dé, ẹsẹ̀ mẹ́ta, okùn iná méjì nínú gíláàsì kan: 60 wátì fún fúùlù (iná tó ń tàn jìnnà), 55 wátì fún dímù (iná tó rẹlẹ̀). Okùn kan ṣoṣo ló wà nínú H7, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ń lò ó fún dímù nílò gílóòbù mìíràn fún fúùlù.

Ní Amẹ́ríkà, odindi iná ni wọ́n ń pààrọ̀ tẹ́lẹ̀, títí Lincoln Mark VII ti 1984 fi gbé èyí tó ní gílóòbù yíyọ dé. Láti ibẹ̀ ni àwọn orúkọ 9004, 9005 àti 9006 ti wá. Ẹni tó bá ní tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà yóò bá wọn pàdé: Camry 2007 sí 2011, tí wọ́n ń pè ní “Muscle” ní Nàìjíríà, ń lo H11 fún dímù, 9005 fún fúùlù.

Ipò okùn iná

Ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Wọ́n ṣe dígí tó wà nínú ilé iná láti gba ìmọ́lẹ̀ láti ojúkò kan pàtó; bí okùn iná bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri. Ẹni tó bá gbé H4 sókè wò ó dáadáa yóò rí abọ́ irin kékeré kan lábẹ́ okùn dímù. Abọ́ yìí ló ń dí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí ì bá lọ bá awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́kànkán lójú.

9005 àti 9006 jọra bí ìbejì, àmọ́ orí 9006 ní ọ̀dà dúdú, orí 9005 mọ́ gaara. Eyín tó wà ní ìdí wọn yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi wọ́n gbé. Àwọn kan máa ń fi ọ̀bẹ gé eyín náà kó lè wọlé. Ó ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n dímù wọn ti di afọ́jú-ẹni.

Ìdí kan náà ni LED tí wọ́n ń kì sínú ilé iná halogen kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ti ojúlówó: ojú pẹlẹbẹ méjì ló ń tàn, kì í ṣe okùn roboto. Ní Jámánì, láti 2020, wọ́n fàyè gba irú rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n fún kìkì àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀.

Agbára iná

Gílóòbù 55 wátì ń fa nǹkan bí ámpù 4.6 lórí fóòtì 12. 100 wátì ń fa 8.3. Ooru inú wáyà á ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníke á sì yọ́. Bí iná bá ṣókùnkùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wáyà tó so ó mọ́ ara irin mọ́tò ló ti dípẹtà: fóòtì tó fi 5% dín ń mú ìmọ́lẹ̀ dín ní nǹkan bí 16%. Rewáyà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò.

Ọkọ̀ ńlá onífóòtì 24 ní H4 tirẹ̀, 75/70 wátì.

Xenon

Gílóòbù xenon kò ní okùn iná; iná tó ń fò nínú gáàsì ló ń tàn. Méjì lára wọn, D1S àti D3S, jẹ́ wátì 35, ṣùgbọ́n D3S kò ní mẹ́kúrì, fóòtì wọn kò sì dọ́gba (85 àti 42). Wọn kò ṣeé fi rọ́pò ara wọn.

Ibi tí a ti ń ka orúkọ

Ó wà nínú ìwé ọkọ̀, ó sì wà lára gílóòbù àtijọ́, àmọ́ èyí kò ṣeé gbára lé tán nínú tòkunbọ̀, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ náà lè ti fipá ki òmíràn sí i. Gíláàsì ilé iná fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ti Amẹ́ríkà ní DOT (àmì ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìrìnnà) pẹ̀lú orúkọ gílóòbù. Ti Yúróòpù ní E nínú òbìrí, pẹ̀lú HC fún dímù, HR fún fúùlù, tàbí HCR fún méjèèjì.