Ilẹ̀kùn Ló Ń Ṣèdájọ́: Bí A Ṣe Ń Yan Ilé Rélùwéè fún Diorama Ìgbà Ogun

Ojú irin kì í sọ bí ilé ṣe yẹ kó tóbi tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré sórí tábìlì ti ń ṣìnà, torí pé ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà. Ojú irin tó fẹ̀ ní mílímítà 16.5 ni ọkọ̀ HO (orúkọ ìwọ̀n kan ni) ń rìn lórí rẹ̀, nínú HO sì rèé, ìdá kan nínú 87 ohun gidi ni gbogbo nǹkan. Ojú irin kan náà gan-an ni ọkọ̀ OO ti ìlú Ọba ń rìn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú 76 ni OO. Ọkọ̀ méjèèjì á yí geere, ṣùgbọ́n bí a bá to ilé HO ti ilé OO, ọ̀kan á dà bí ilé ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló fà á. Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ìlú Ọba kéré ju ti àwọn ará Yúróòpù yòókù lọ. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ fẹ́ dín in kù sí ìwọ̀n HO, mọ́tò iná tó wà láyé ìgbà náà kò gba inú rẹ̀. Wọ́n bá fẹ ara ẹ́ńjìnnì sí i díẹ̀, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú irin gidi ìlú Ọba fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Tí a bá fi 76 sọ ti OO di ńlá padà, kò ní ju nǹkan bíi 1,255 lọ. Àwọn tó ń fi OO ṣeré mọ̀ pé kò pé, wọ́n kàn ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn ni kí a wọ̀n. Ilẹ̀kùn gidi máa ń ga tó mítà méjì. Nínú OO ó di mílímítà 26, nínú HO ó di 23, nínú N tó jẹ́ ìdá kan nínú 160 kò ju 12 àti ààbọ̀ lọ. Ọmọ ogun tó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 75 yóò jẹ́ mílímítà 20 nínú HO. Bí a bá gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà tí fìlà rẹ̀ kan àtẹ́rígbà, ilé náà ti kéré jù, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń kọ síbẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Téṣàn tó gùn ní ọgọ́rùn-ún mítà yóò gbà ju mítà kan lọ nínú HO, tábìlì inú yàrá kan ní Kubwa kò sì lè gbà á. Àwọn oníṣẹ́ á wá gé gígùn rẹ̀, wọ́n á yọ fèrèsé mélòó kan kúrò. Ìyẹn kò burú, ojú kì í tètè rí i. Èyí tó burú ni kí wọ́n dín ilẹ̀kùn àti gíga àjà náà kù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdánù pátápátá ṣá o: ẹ̀yìn pátápátá ni kí a gbé e sí, níbi tí kò ti sí èèyàn kankan nítòsí, ojú á rò pé ó jìnnà ni.

Diorama ogun, ìyẹn ìran ogun tí a fi nǹkan kéékèèké tò sórí tábìlì, tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ogun kékeré kì í ṣe é fún àwọn ará rélùwéè. 1:72 (ìdá kan nínú 72) àti 1:35 ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́rì 1:72 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé OO kò ju kí ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún tóbi jù lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé HO, ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò fi tóbi jù, gbogbo ayé ni yóò rí i. Ẹni tí ọkọ̀ ogun bá jẹ lógún jù, OO dára fún un ju HO lọ. Ní ti 1:35, ilé oní-mítà 12 péré á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 34, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igun ilé kan tí bọ́ǹbù ti bà jẹ́ ni àwọn tó ń lo ìwọ̀n yẹn máa ń kọ́, wọn kì í kọ́ téṣàn odindi.

Ọ̀rọ̀ wá yí díẹ̀ fún ẹni tó wà ní Àbújá tó fẹ́ ṣe òkè Ọya nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hitler. Kí ó má wo téṣàn Idu tàbí ti Kubwa o. Ọdún 2016 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lójú irin Àbújá sí Kàdúná, mílímítà 1,435 sì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ojú irin àtijọ́, èyí tó gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Minna, Kàdúná àti Zaria dé Kano, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Sabon Gari, 1,067 ni. Nínú HO, ìyẹn di mílímítà 12. Àmọ́ tí a bá lo ìdá kan nínú 64, ó di 16.5, ojú irin tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà. Ọgbọ́n tí àwọn ará New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà ń dá nìyẹn, torí pé 1,067 ni tiwọn náà. Ilẹ̀kùn níbẹ̀ á wá di mílímítà 31. Ọ̀nà tóóró tó ti Zaria lọ sí Jos àti Bukuru, èyí tí wọ́n tì ní 1957, tiẹ̀ tún rọrùn sí i: mílímítà 762 ni, ojú irin N tó jẹ́ mílímítà 9 sì bá a mu nínú HO.

Ẹni tó bá ń wá téṣàn Zaria nínú páálí á pẹ́ lẹ́nu wíwá. Fọ́tò àtijọ́ ni kí ó wá, irú èyí tí bàbá àgbà tó ṣe kíláàkì rélùwéè fi sílẹ̀. Bí ẹni tó yà á bá dojú kọ ògiri náà gan-an, a ó fi rúlà wọn ilẹ̀kùn inú fọ́tò, a ó pè é ní mítà méjì, a ó wá ka iye ìgbà tó wọ gíga ògiri àti gígùn rẹ̀. Bí fọ́tò bá wo ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣirò yìí kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ilé bébà ti ìlú Ọba tí a lè tẹ̀ jáde. OO ni púpọ̀ wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 87 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di HO. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 119, ó di 1:64. Kí a kọ́kọ́ fa ìlà tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún mílímítà sórí ojú ìwé náà, torí pé ọmọ tó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Wuse á tẹ "fit to page" láìbéèrè, ilé á sì sún kì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Tí ìlà náà kò bá jáde ní 87 fún HO, tàbí 119 fún 1:64, ká tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a yọ ṣímínì kúrò lórí òrùlé, nítorí iná ìyáná kò sí ní téṣàn Kano, kí a sì so fàráńdà gbòòrò mọ́ iwájú. Ká fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbe inú ògiri ró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọyẹ́ Àbújá á ká páálí náà kò kí Kérésìmesì tó dé.

Òrùlé ló ń tú àṣírí iṣẹ́ jù. Páànù gidi, láti gegele kan sí èkejì, jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 76. Nínú OO ó di mílímítà kan, nínú 1:64 ó di díẹ̀ lé ní kan. Àwọn kan máa ń bó páálí ọjà kí wọ́n lè fi inú rẹ̀ tó rí wúruwùru ṣe páànù. Gegele yẹn lè jìnnà síra tó mílímítà méje. Nínú HO, ó túmọ̀ sí páànù tí gegele rẹ̀ lé ní ìdajì mítà! Kí a fi bíírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sẹ́yìn bébà sìgá, ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìgbà, páálí ilé tí wọ́n ṣe ní Jámánì máa ń ní àmì Epoche, ìyẹn sáà tí ilé náà bá mu. Epoche II ló bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1920, ó sì bo ìgbà ogun náà. Ní ìlú Ọba, Era 3 ni, 1923 sí 1947. Téṣàn ìlú Ọba nígbà ogun gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn: wọ́n fi ọ̀dà funfun kun etí pèpéle kí èèyàn má baà já sílẹ̀ lóru, wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé, wọ́n to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà, ní 1940 wọ́n sì yọ orúkọ téṣàn kúrò kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó wà. Kí ẹnikẹ́ni má ko gbogbo ìyẹn wá sí Kano. Ohun tó ń sọ ogun níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun oní-kákí tí wọ́n ń lọ Burma, àpò ẹ̀pà tó ga bí òkè, àti ọkọ̀ òfuurufú tó ń gba Kano àti Maiduguri kọjá lọ sí Cairo. Ní ti Jos, lẹ́yìn tí Japan gba Malaya ní 1942, ìjọba fi agbára kó èèyàn lọ wa tíìnì. Níbẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí yẹ kó tóbi ju ibi tí èrò ń dúró sí lọ.

Kí a tó da gọ́ọ̀mù sí ìdí ilé èyíkéyìí, kí a gbé ọkọ̀ tó gùn jù sórí ojú irin, kí a fi ọwọ́ tì í kọjá díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ojú irin bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, àárín ọkọ̀ máa ń yọ sínú, orí àti ìdí rẹ̀ máa ń yọ síta. Bí ó bá ha etí pèpéle, pèpéle ni kí a gé.