Mọ́tò àfọwọ́tò daṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà: ta ni yóò gbé e délé?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọn kì í ra mọ́tò tó ti parí. Wọn a ra ṣáásì, ara ọkọ̀ àti àpótí ẹ̀yà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, wọn a sì fi oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ọdún mélòó kan, tò ó pọ̀ nínú gáréèjì ilé wọn. Kit car ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́tò àfọwọ́tò ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Mo tò ọ̀kan fúnra mi, mo sì ti jókòó tì í létí ọ̀nà nígbà tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà mo mọ bí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe máa ń rí lọ́kàn ẹni. Gbogbo wọn dá lórí ìwé ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà, ìyẹn èyí tí onímọ́tò ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún kí ilé iṣẹ́ kan lè wá bá a níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú sí.

Ìbéèrè: Gbogbo onímọ́tò ló ń sanwó. Kí ló dé tí mọ́tò àfọwọ́tò fi ń fa wàhálà tí mọ́tò mìíràn kì í fà?

Ìdáhùn: Orúkọ rẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá pe ilé iṣẹ́ náà, nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì sọ fún wọn irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ irú ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n rán. Ṣùgbọ́n kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ nípa mọ́tò tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wá láti ara Ford Sierra, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti ara Ford Focus, tó sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kékeré kan ló ṣe ara rẹ̀? Nígbà mìíràn, orúkọ ọkọ̀ àtijọ́ ni yóò gbé jáde. Nígbà mìíràn, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ta àpótí ẹ̀yà nìkan ni yóò wà níbẹ̀, láìsí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ṣòro jù ni ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q. Láti ọdún 1983 ni wọ́n ti ń fi Q sí ọkọ̀ tí ìjọba kò lè fìdí ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí orírun rẹ̀ múlẹ̀, àwọn mọ́tò tí wọ́n fi ẹ̀yà àlòkù oríṣiríṣi tò sì wà lára wọn. Bí ìwé yín bá sọ pé òun kò bójú tó ọkọ̀ tó ti ju iye ọdún kan lọ, kò sí ọdún tí ẹnikẹ́ni lè kà lára Q.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ pé àṣà yìí ti pẹ́, kò sì ní àbòsí nínú. Ní ọdún 1957 ni Colin Chapman, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Lotus sílẹ̀, gbé mọ́tò kékeré tó ń jẹ́ Lotus Seven jáde, wọ́n sì ń tà á ní àpótí ẹ̀yà nítorí pé owó orí tí ìjọba ń gbà lórí mọ́tò tuntun kò kan èyí tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Nígbà tí VAT dé ní 1973 ni àǹfààní yẹn parẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Caterham gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ọkọ̀ náà, wọn kò sì yéé tà á ní àpótí ẹ̀yà. Láti 2009 wá, kí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, tó fún mọ́tò àfọwọ́tò tuntun ní nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní IVA, níbi tí wọ́n ti ń yẹ bíréèkì, iná, bẹ́líìtì ìjókòó àti gbogbo etí tó mú lára rẹ̀ wò. Ọkọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe jákujàku, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù bíi pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í gba irú ọkọ̀ yìí ni?

Ìdáhùn: Àwọn tí orúkọ wọn lókìkí jù ni RAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897, àti AA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905. Ohun tí irú ìwé wọ̀nyí sábà máa ń fi ṣe ààlà ni ìwúwo àti ìwọ̀n ọkọ̀; tọ́ọ̀nù 3.5 ló wọ́pọ̀, mọ́tò bíi Caterham kò sì sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Wọ́n tún ń béèrè pé kí ọkọ̀ ní owó orí, kí ó ní MOT, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, kí ó sì wà ní ipò tó yẹ fún ojú ọ̀nà. Kò sí èyí tí mọ́tò àfọwọ́tò kò lè pé nínú wọn.

Inú ìwé tí wọ́n so mọ́ nǹkan mìíràn ni mo ti rí i pé ìlẹ̀kùn sábà máa ń tì: èyí tí báǹkì fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò fi kún ìwé ọkọ̀ fún owó díẹ̀. Ẹ ka ojú ewé tí wọ́n to àwọn ohun tí wọn kò ní ṣe sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ta àpótí ẹ̀yà, ẹ sọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀, ẹ sọ bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ Q, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ ní kíkọ. Òfin Britain ti ọdún 2012 lórí ìbánigbófò fún àwọn oníbàárà sọ pé ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Lẹ́tà yẹn ni ẹ̀rí yín pé ẹ kò fi nǹkan kan pamọ́. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti dá ìwé ìbánigbófò padà.

Bí agbára bá gbé e, èyí tó wà lórí ènìyàn ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó wà lórí ọkọ̀. Ẹ̀yin ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń bá lọ nínú mọ́tò èyíkéyìí tó bá wà láàárín ààlà wọn, nítorí náà kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ nípa nọ́ńbà yín ni yóò pinnu bóyá ẹ wà nínú ìwé tàbí ẹ kò sí.

Ìbéèrè: Ìrànlọ́wọ́ pín sí oríṣiríṣi, owó wọn kò sì dọ́gba. Èwo ló tó?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. Èyí tó rọ̀jú jù ni pé kí mẹkáníìkì wá bá yín létí ọ̀nà. Bí kò bá lè tún un ṣe, wọn á gbé yín dé gáréèjì kan nítòsí, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín máìlì mẹ́wàá. Fún mọ́tò tí gbogbo gáréèjì mọ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n gáréèjì wo ní ìlú kékeré ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà tí ẹ fọwọ́ ara yín fà? Ẹni tó mọ ọkọ̀ yẹn jù lọ láyé ni ẹ̀yin tí ẹ tò ó, ibi tó sì yẹ kí ó dé ni gáréèjì tiyín, níbi tí sípánà àti ẹ̀yà yín wà. Nítorí náà, èyí tó ń gbé ọkọ̀ délé láti ibikíbi ní Britain kì í ṣe fàájì fún wa. Òun gan-an ni ohun tí a ń rà. Bí owó kò bá tó nǹkan púpọ̀, ẹ yọ hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ àyálò kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má yọ èyí.

Ẹ wo ti ilé pẹ̀lú. Ìwé púpọ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ bá kú sí iwájú ilé yín tàbí láàárín ìdámẹ́rin máìlì sí i, àfi bí ẹ bá san àfikún. Mọ́tò àfọwọ́tò sábà máa ń sùn ní gbogbo ìgbà òtútù, bátìrì rẹ̀ á sì ti kú kí oòrùn tó padà dé.

Ìbéèrè: Kí ni kí n sọ fún wọn lórí fóònù?

Ìdáhùn: Ẹ sọ pé ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, pé ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì ní kí ẹni tó gbé fóònù ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún yín padà. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi jáde, okùn clutch já ní ọ̀nà àbúlé kan ní Kent. Èmi kò ṣàlàyé, ọkọ̀ tó dé sì jẹ́ irú èyí tí ń fi apá irin gbé táyà iwájú sókè. Àyè tó wà láàárín imú mọ́tò mi àti ilẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Awakọ̀ náà ṣe sùúrù, kò sì fi agídí ṣe é, síbẹ̀ kí apá irin náà tó wọlé, imú ọkọ̀ ti là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Okùn clutch tó fa gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ní wákàtí kan.

Kódà lórí ẹ̀yìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, iṣẹ́ kù. Bí ibi tí ọkọ̀ yóò gbà gòkè bá ga jù, ẹ ní kí wọ́n fi pákó sábẹ́ táyà kí imú má baà gbá a. Ẹ fi ibi tí wọn yóò so okùn ìfàkọ̀ mọ́ han awakọ̀, nítorí kì í wà níbi tó ti mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, táyà ni kí wọ́n fi okùn ìdè yí ká. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò irú Seven, àwọn apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so táyà mọ́ ṣáásì hàn síta gbangba, ojú ẹni tó ń kánjú á sì máa lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá fa okùn gírí mọ́ wọn, wọ́n lè tẹ̀. Mo ní bébà kan nínú ọkọ̀ tí mo ya gbogbo èyí sí, àwọn awakọ̀ sì ń dúpẹ́ fún un.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá máa gbé mi délé náà ni, ṣé mo tún nílò láti kó irinṣẹ́ lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó ń dá ọkọ̀ wa dúró kò tó nǹkan. Mẹkáníìkì tó wá bá yín ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yà yín nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ojú ibi tí wọ́n ti ń ki kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò bọ mọ́tò má sí lára tiyín rárá. Ẹ fún un ní àwòrán wáyà yín àti ìwé tó sọ inú ọkọ̀ tí ẹ ti mú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan; bí ó bá ti mọ̀ pé fáànù bẹ́líìtì náà jẹ́ ti Focus, ilé ìtajà ẹ̀yà tó wà nítòsí lè ní in. Ní ilẹ̀ Yorùbá, rewáyà lè bá ènìyàn wá orísun iná lábẹ́ igi fún ọ̀sán kan gbáko. Létí ọ̀nà Britain, àkókò díẹ̀ ni òṣìṣẹ́ náà ní kí ó tó lọ bá ẹlòmíràn, àwòrán yín ló sì ń fi kún àkókò yẹn.

Ohun tí mo ń kó kò pọ̀: fíúsì, relay ẹ̀rọ tí ń fa epo, okùn clutch, okùn ìtẹ̀ epo, fáànù bẹ́líìtì, téèpù wáyà, kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì táyà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àfọwọ́tò kò ní àyè fún táyà àfipamọ́, ẹ béèrè ohun tí ìwé yín wí nípa ìyẹn. Bí ẹ bá lo rọ́bà epo láti ara ọkọ̀ àtijọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Epo E10, ìyẹn bẹntiróòlù tí wọ́n po ethanol mọ́, tó di epo gbogbogbòò ní Britain ní oṣù kẹsàn-án 2021 lè jẹ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, epo tó ń jò nítòsí ẹ́ńjìnnì gbígbóná sì kọjá ohun tí ìwé ìrànlọ́wọ́ lè yanjú.

Ìbéèrè: Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ wa kéré, awakọ̀ tírélà lè má rí i. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ òsì jáde, ẹ kọjá sẹ́yìn irin ìdènà, ẹ má sì gbé àmì onígun mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá kú sí àárín ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré, 999 ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò, owó tí òfin là sílẹ̀ ni ẹ óò san, £192 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2023 fún ọkọ̀ kékeré tó ṣì dúró lórí táyà rẹ̀, ìwé yín sì lè má san án fún yín.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní jíìpù. Ṣé kò lè fi okùn fà mí délé?

Ìdáhùn: Kì í ṣe lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ní ọ̀nà mìíràn, okùn tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju mítà 4.5 lọ, bí ó bá sì ju mítà 1.5 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ so nǹkan mọ́ ọn tí àwọn ènìyàn yóò fi rí i. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fà gbọ́dọ̀ lè darí rẹ̀ kí ó sì tẹ bíréèkì. Ẹ rántí pé jíìpù yóò ga ju orí yín lọ, ẹ kò sì ní rí iwájú. Èmi kì í gbà á.