Bí Wọ́n Ṣe Ń Ká Ariwo àti Gbígbọ̀n Lọ́wọ́ Kò Nínú Ilé Ìwòsàn

Bí iná bá lọ lóru tí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn sì gbéra, kí ènìyàn gbé ọwọ́ lé ògiri wọ́ọ̀dù tó sún mọ́ ọn. Ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára pé ògiri náà ń gbọ̀n. Omi inú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ojú rẹ̀ ò ní dúró jẹ́ẹ́. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró kan ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Èkejì ń gba ara ilé: láti ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ó bọ́ sí ìpìlẹ̀, ó gun òpó, ó dé ibùsùn. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn.

Láti 1999 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ariwo inú wọ́ọ̀dù lóru má ju dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe pọ̀ tó) 30 lọ, kí èyí tó bá ta lójijì má sì ju 40 lọ. Ohùn ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ máa ń tó nǹkan bí 60. Bẹ́ẹ̀ dẹ́síbẹ̀lì kì í ṣe ohun tí a ń kà bí owó: bí 10 bá lé e, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí á sì gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé ni kò dé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n dé yìí. Àwọn tó ń jìyà rẹ̀ ni aláìsàn tí kò róorun sùn, àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tí ariwo òjijì lè yí bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù padà.

Fún ìró inú afẹ́fẹ́, jíjìnnà ni nǹkan àkọ́kọ́. Ní gbangba, bí àyè tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti wọ́ọ̀dù bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 6 ló ń dín kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ògiri. Ògiri tó wúwo ń dí ìró ju èyí tó fúyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àlàfo ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ihò inú ògiri bá ti tó ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ògiri náà kò ní lè dí ju dẹ́síbẹ̀lì 20 lọ mọ́, bó ti wù kó nípọn tó. Fèrèsé lúfà sì rèé, àlàfo ni látòkè délẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ooru ò ní jẹ́ ká tì í pa. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ ẹ̀yìn sí ẹ́ńjìnnì: kí yàrá ẹrù, ibi ìfọṣọ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lápá ibẹ̀, kí fèrèsé aláìsàn kọjú sí àgbàlá. Lórí ìwé àwòrán, kò náni ní kọ́bọ̀. Bí ilé bá ti parí, owó ńlá ni.

Gbígbọ̀n tó ń gba ara ilé ló le jù. Wọ́n á da kọnkéré tó wúwo sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbé e lé sípíríǹgì, kò sì ní kan ìpìlẹ̀ ilé rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan ń ta ilẹ̀ ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Sípíríǹgì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó rọ̀ débi pé bó ṣe ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ á lọ́ra jìnnà sí 25 yẹn. Bí iye méjèèjì bá súnra mọ́ra, ńṣe ló máa dà bí ìgbà tí a ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà gẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ: gbígbọ̀n á pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà táyà tí àwọn kan ń gé sábẹ́ ẹ́ńjìnnì fi lè bà á jẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Ó tún ku páìpù èéfín. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ògiri gan-an láìsí ojú ibi tó ń rọ̀ láàárín, ọ̀nà mìíràn ti ṣí sílẹ̀ fún gbígbọ̀n nìyẹn, sípíríǹgì ti di asán.

Ní tíátà, dókítà tó ń fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ran iṣan ojú kò gbọdọ̀ ní tábìlì tó ń mì. Ẹ̀rọ MRI náà, èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, gbígbọ̀n díẹ̀ ti tó láti sọ àwòrán rẹ̀ di bàìbàì, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, jìnnà sí líìfùtì àti ojú ọ̀nà ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ń pariwo tó lè ju dẹ́síbẹ̀lì 100 lọ, kò sì yẹ kí wọ́ọ̀dù kankan bá a múlé gbè.

Inú ilé náà ní tirẹ̀. Táìlì àti ògiri dídán rọrùn láti fọ̀, kòkòrò àrùn kì í rí ibi sá sí, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá ìró padà. Àjà ilé tó ṣeé nù, tó sì ń gba ìró mọ́ra, ló ń yanjú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ògiri létí. Nílé ìwòsàn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀pọ̀ ògiri tó pín yàrá dókítà ló dúró lábẹ́ àjà, tí òkè àjà ṣófo láti yàrá dé yàrá. Ẹni tí wọ́n ń sọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ fún, ẹni tó jókòó ní yàrá kejì ń gbọ́ ọ kedere. Ògiri yẹn gbọ́dọ̀ gòkè kan dẹ́kìn, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí wáyà àti páìpù gbà kọjá.