Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun Nàìjíríà

Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun ni ọjọ́ tí Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún àwọn sọ́jà tó kú sójú ogun, àwọn tó bọ̀ láàyè, àti àwọn opó àti ọmọ òrukàn tí ogun fi sílẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́, ọjà sì ń ná.

Láyé Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni, ìyẹn ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1918, ní aago 11 àárọ̀. Poppy Day ni wọ́n ń pè é, nítorí òdòdó pupa tí wọ́n ń fi sáyà. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé ni ìjọba yí ọjọ́ padà. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ 1967. Nígbà tí Ojukwu, olórí Biafra, ti kúrò nílùú, Philip Effiong tó gbapò rẹ̀ wá sí Dodan Barracks l'Ékòó ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970, ó sì túúbá níwájú Yakubu Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, ogun sì parí. Ọjọ́ yìí kan náà lọ́dún 1966 ni àwọn sọ́jà dìtẹ̀ tí wọ́n pa Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba àpapọ̀, Ahmadu Bello tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, àti S. L. Akintola tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹrù ọjọ́ náà wúwo ju ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ lọ.

Ìrántí náà kan àwọn tó ja ogun Hítílà pẹ̀lú, pàápàá àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, létí odò Kaladan, ìbọn àwọn ará Japan bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti sọ́jà kan láti Sàró kò lè rìn. Inú igbó ni wọ́n wà, àwọn ará abúlé sì ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sílé, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti ń ta báàjì ìrántí kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran ẹbí àwọn tó kú lọ́wọ́. Wọ́n máa ń kí Jímọ̀ọ̀ fún wọn, wọ́n á tún ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ náà gan-an, Ààrẹ á lọ sí National Arcade, ibi ìrántí àwọn ológun l'Ábújà, àwọn gómìnà á ṣe tiwọn ní ìpínlẹ̀ wọn. Wọ́n á fun kàkàkí ológun, gbogbo èèyàn á dákẹ́ rọ́rọ́, ìbọn á dún nígbà 21, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àlàáfíà. Ìgbà mìíràn ẹyẹlé á kọ̀, kò ní fò, àwọn èèyàn á sì máa wá ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ààrẹ àti àwọn ọ̀gá ológun bá ti gbé òdòdó tiwọn kalẹ̀, ẹnì kan á jáde láàárín àwọn opó, á gbé ti tiwọn síbẹ̀.