Ta ló ń tún ojú ewé ọ̀gá kọ? Ìbéèrè yín lórí Wikipedia àti òṣìṣẹ́ ìjọba

Àwòrán kan ń lọ láti WhatsApp dé WhatsApp láàárín àwa Yorùbá tí a wà ní Àbújá, láti Kubwa títí dé Lugbe. Ojú ewé ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan lórí Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni. Wọ́n to ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti àtijọ́, ìpínrọ̀ kan wà lórí owó tí àwọn ọ́dítọ̀ ní àwọn kò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nínú ti ìsinsìnyí, ìpínrọ̀ náà ti fò lọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé ọ̀gá jẹ́ "aṣáájú aríran tó ń tún ayé àwọn ọ̀dọ́ ṣe". Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìjọba ti gba Wikipedia." Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé. A ò ní dárúkọ ọ̀gá náà, nítorí àwòrán yẹn fi ohun tí wọ́n ṣe hàn, kò fi ẹni tó ṣe é hàn.

Ṣé ìjọba ti ra Wikipedia ni?

Rárá. Wikimedia Foundation tó fìdí kalẹ̀ sí San Francisco ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o. Àjọ tí kì í wá èrè ni, owó ìtọrẹ ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rà níbẹ̀.

Ta ló wá ń kọ ohun tó wà níbẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001 tí wọ́n ti ṣí i. Ẹ lè kọ, èmi náà lè kọ, akọ̀wé mínísítà náà lè kọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò kì í ka Wikipedia. Kí ló kàn mí?

Ẹ ń kà á láìmọ̀. Tí ẹ bá fi orúkọ gbajúmọ̀ kan wá nǹkan lórí Google, àlàyé ṣókí tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láti Wikipedia ló ti sábà máa ń wá. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bíi ChatGPT náà, Wikipedia wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ọmọ yín tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́? Ẹ bi í léèrè.

Ṣé ó lòdì kí òṣìṣẹ́ ìjọba tún nǹkan ṣe lórí Wikipedia?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nìyí. Aráàlú bíi tiwa ni òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, tó mọ̀ nípa àrùn tó ń bá ẹ̀gẹ́ jà, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo wa lè kà á, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Bó bá jẹ́ pé àkókò iṣẹ́ ló fi kọ ọ́, ìyẹn wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tí òfin Wikipedia ń ṣọ́ ni ẹni tó ń kọ nípa ara rẹ̀, nípa ọ̀gá rẹ̀, tàbí nípa iléeṣẹ́ tó ń sanwó oṣù fún un. Láti ọdún 2014 ló ti wà nínú àdéhùn ìlò wọn pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ nǹkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba: ta ló gbéṣẹ́ fún un, ta ló ń sanwó. Owó oṣù náà, owó ni. Tí àtúnṣe bá ti di ara iṣẹ́ ẹ̀ka agbẹnusọ, kò sí pé "mo kàn ń ran ọ̀gá lọ́wọ́ ni". Wọ́n sì fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fọwọ́ kan ojú ewé náà fúnra rẹ̀. Kó lọ sí ojú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó so mọ́ ọn, kó sọ ẹni tí òun jẹ́, kó mú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde wá, kó wá jẹ́ kí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ ò kàn wò ó. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ojú pamọ́ ni wọ́n ń wá.

Ṣé wọ́n ti mú ẹnikẹ́ni rí?

Ọ̀pọ̀. Lọ́dún 2006, àṣírí tú pé àwọn òṣìṣẹ́ Marty Meehan, ọmọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ti lọ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò lójú ewé rẹ̀. Ó ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní pẹ́ jù nílé aṣòfin. Ó wá jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ìlérí yẹn ni wọ́n yọ, wọ́n sì fi ìtàn ìgbésí ayé tí ọ́fíìsì rẹ̀ kọ dí ojú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àrà yìí ti pẹ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Virgil Griffith ṣe ẹ̀rọ kan tó pè ní WikiScanner. Nígbà náà, ẹni tó bá tún nǹkan ṣe láìwọlé pẹ̀lú orúkọ máa ń fi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀rọ yìí ń wo iléeṣẹ́ tó ni àdírẹ́sì náà. Kọ̀ǹpútà CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, ti FBI tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn níbẹ̀ náà wà níbẹ̀, ti Vatican náà kò gbẹ́yìn.

Èyí tó bí àwọn èèyàn nínú jù ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1989, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough. Èèyàn 97 ló bá a lọ, ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn kú lọ́dún 2021. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ìwé ìròyìn Liverpool Echo tú u síta pé orí kọ̀ǹpútà ìjọba ni àwọn kan ti fi àwọn òkú náà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Wikipedia. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n lé òṣìṣẹ́ ìjọba kan dànù lẹ́nu iṣẹ́. Kò jọ pé ọ̀gá kankan ló rán an níṣẹ́. Mo mú èyí wá kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó bá ti orí kọ̀ǹpútà ìjọba jáde, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìjọba pàṣẹ.

Ti àwọn ọlọ́pàá New York ni mo fẹ́ kí ẹ rántí jù. Eric Garner kú ní oṣù Keje ọdún 2014 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fi apá há a lọ́rùn. Lọ́dún 2015, àwọn oníròyìn rí i pé láti orílé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti tún ojú ewé ọ̀rọ̀ náà ṣe. Níbi tí wọ́n ti kọ pé Garner na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n sọ ọ́ di pé ó ń ju apá kiri bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọn ò yọ ìpínrọ̀ kankan níbẹ̀, wọn ò kọ "aṣáájú aríran". Ẹni tó ń yára kà á kò ní fura rárá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó na ọwọ́ sókè àti ẹni tó ń ju apá kiri, ẹjọ́ wọn kò dọ́gba.

Ṣé a ò lè fi àdírẹ́sì mú ti Àbújá náà?

Ó ṣòro. Ọgbọ́n WikiScanner ṣiṣẹ́ níbi tí iléeṣẹ́ bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí òṣìṣẹ́ sì ń lò ó. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ní Galaxy Backbone tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ sẹkitéríàtì lọ, kí ẹ ka iye òṣìṣẹ́ tó tan hotspot fóònù ara rẹ̀. Àdírẹ́sì tí MTN tàbí Airtel ń fún fóònù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín ẹyọ kan lò lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé ní Garki, ẹni tó ń ta súyà ní Nyanya àti ọmọ iléèwé ní Gwagwalada lè jọ wà lórí rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tí kò já fáfá ti wá di ààbò fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òkùnkùn. Ó kúkú ti wúlò fún nǹkan kan.

Àjọpín yìí ń pa aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lára pẹ̀lú. Tí Wikipedia bá dí àdírẹ́sì kan nítorí ẹnìkan tó ń ba nǹkan jẹ́, gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló há sí i. Àwọn tó ń kọ nǹkan sí Wikipedia nílẹ̀ Áfíríkà ti ń ráhùn lórí èyí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tún nǹkan ṣe tí wọ́n ní àwọn ti dí yín lọ́nà, ó lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín rárá.

Láìpẹ́ yìí, Wikipedia tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkáǹtì onígbà díẹ̀ bo àdírẹ́sì ẹni tí kò bá wọlé pẹ̀lú orúkọ, kí gbogbo ayé má baà máa rí i. Ó dára fún ààbò aráàlú. Ó dára fún akọ̀wé ọ̀gá náà.

Kí la wá lè fi dá wọn mọ̀?

Ìwà wọn. Gbogbo ojú ewé ló ní ibi tí wọ́n ń pè ní "wo ìtàn". Lórí fóònù, ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, ẹ tẹ ibi tó sọ ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Ẹ ó rí gbogbo àtúnṣe, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, àti ohun tó wà níbẹ̀ kó tó yí padà. Fáìlì ìjọba tó ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Àbújá yìí. Ẹ wá wò ó bóyá àkáǹtì náà ti kọ nípa ohun mìíràn rí yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ìkéde tí iléeṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn mu wẹ́kú. Àkáǹtì mẹ́ta tí wọ́n ṣí lọ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n sì ń gbè sẹ́yìn ara wọn, ẹ fura sí wọn.

Ìfura kò tíì di ẹ̀rí o. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá lè ṣe gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n kọ mọ́ ọ̀gá ńkọ́?

Á jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Lọ́dún 2005, ẹnìkan fi àwàdà kọ ọ́ pé wọ́n fura sí John Seigenthaler, àgbà oníròyìn Amẹ́ríkà, pé ó mọ̀ nípa ikú Ààrẹ Kennedy. Irọ́ gbuu ni, ó sì wà níbẹ̀ fún bí oṣù 4. Látìgbà náà ni òfin wọn ti le gan-an lórí ẹni tó wà láàyè: ẹ̀sùn tí kò bá ní ìtọ́kasí tó dúró, kí wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká bi àwòrán WhatsApp yẹn ni pé, ṣé ìpínrọ̀ tí wọ́n yọ ní ìtọ́kasí? Ẹni tó ya àwòrán náà ti gé ìsàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí ìtọ́kasí máa ń wà, kúrò.

Ìwé ìròyìn mẹ́ta ló gbé ọ̀rọ̀ kan. Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí?

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ná. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, Karl-Theodor zu Guttenberg di mínísítà ètò ọrọ̀ ajé ní Jámánì. Ọmọ ìdílé ńlá ni, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pọ̀ lọ jàra bíi ti ọmọ tí ìyá àgbà mẹ́wàá wá kó jáde. Ẹnìkan wá lọ sórí Wikipedia, ó fi "Wilhelm" kún un. Àwọn ìwé ìròyìn, títí kan Bild tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, dà á kọ. Nígbà tí àwọn kan lórí Wikipedia bèèrè pé níbo ni "Wilhelm" ti wá, ìwé ìròyìn tó dà á kọ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Irọ́ náà bí ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Irú rẹ̀ kò ṣòro níbí. Oníròyìn tí ọ̀gá rẹ̀ ń lé kiri, tó fẹ́ kọ ìtàn ẹni tí Ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn, ibo lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ sá lọ?

Wikipedia Yorùbá ńkọ́?

Ibẹ̀ ló yẹ kó kọ wá lóminú jù. Ní Croatia, àwọn alámùójútó díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ gba Wikipedia èdè wọn fún bí ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ń fọ ìwà ìkà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì mọ́. Lọ́dún 2013, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé pé kí wọ́n má gbára lé e. Ọdún 2021 ni Wikimedia tó gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Níbi tí ojú tó ń ṣọ́ nǹkan kò bá ti pọ̀, ẹni díẹ̀ á ṣe bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó ń kọ ti Yorùbá àti ti Hausa déédéé kò pọ̀. Ìpọ́nni tí wọ́n á rí lójú ewé Gẹ̀ẹ́sì láàárín wákàtí kan lè lo ọdún lójú ewé tiwa.

Ẹnìkan ní kí n sanwó kóun ṣe ojú ewé Wikipedia fún mi.

Ẹ má san án. Lọ́dún 2015, Wikipedia lé àkáǹtì 381 dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n lè gbé ojú ewé wọn jáde, wọ́n sì ń gba òmíràn kí wọ́n lè "dáàbò bò ó".

Ṣé ìjọba lè ti Wikipedia pa?

Turkey ti i láti oṣù Kẹrin ọdún 2017 di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, kí ilé ẹjọ́ tó dá a padà. Àwa náà ò ní gbàgbé Twitter, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022.

Mo fẹ́ dá ìpínrọ̀ tí wọ́n yọ padà. Ṣé wọ́n lè torí ẹ̀ gbé mi?

Mi ò ní parọ́ fún yín. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi gbé àwọn oníròyìn àti aráàlú tó kọ ohun tí alágbára kò fẹ́. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2024, wọ́n dín in kù, àmọ́ ó ṣì wà. Ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nìkan ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ọ́dítọ̀ bá ní òun kò rí àkọsílẹ̀ owó, ẹ má sọ pé ọ̀gá jí i. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní Utako sọ fún yín, kó dúró ní Utako. Tí wọ́n bá tún yọ ọ́, ẹ má bá wọn fà á lọ fà á bọ̀. Ẹ lọ sí ojú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kí ẹ pe àwọn mìíràn wá wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé ọ́dítọ̀ gan-an, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń pa ọjọ́ 7 náà mọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ọ̀gá ní kí n lọ ṣe "àtúnṣe díẹ̀" sójú ewé òun. Ẹ gbà mí o.

Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé gbogbo ohun tí ẹ bá yọ ṣì máa wà nínú ìtàn ojú ewé náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, àti pé bí oníròyìn bá rí i, yíyọ tí ẹ yọ ọ́ ló máa di ìròyìn. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ sọ iléeṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ẹ̀rí bèèrè àtúnṣe lójú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀ pé ti kọ̀rọ̀ làwọn fẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ àṣẹ náà sórí fáìlì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ibẹ̀.