Baálé ẹkùn, àmọ́ ọwọ́ kò ká ilé: iṣẹ́ gómìnà ọba Rọ́ṣíà nígbà rògbòdìyàn 1905

Ní oṣù keje ọdún 1905, èrò rọ̀gbà yí ilé kan ká ní ìlú Balashov, òkò sì ń fò. Àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ló há sínú ilé náà. Ohun tí àwọn èrò ń sọ ni pé ọ̀tá ọba ni wọ́n. Gómìnà ẹkùn Saratov, Pyotr Stolypin, ló wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn Cossack, ìyẹn àwọn ẹlẹ́ṣin ọba, láti kó wọn jáde. Òkò bà á lọ́wọ́. Bí àwọn dókítà ṣe ń jáde, àwọn Cossack tí gómìnà kó wá láti dáàbò bò wọ́n tún fi pàṣán nà wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ gómìnà ṣe rí ní Rọ́ṣíà ayé ọba, kó fi ojú inú wo ọ̀gangan yẹn dáadáa. Gómìnà wà níbẹ̀, àṣẹ ọba wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ara tirẹ̀ ló fi ń dí òkò, àwọn tó kó wá kò sì gbọ́ tirẹ̀ tán.

Gómìnà yìí kì í ṣe irú èyí tí ará ìlú ń dìbò yàn. Ajẹ́lẹ̀ ni ká kúkú pè é, ẹni tí ọba fi sí ìlú láti máa bá a ṣọ́ ọ. Ọba Peter Kìíní ló kọ́kọ́ pín Rọ́ṣíà sí ẹkùn mẹ́jọ ní ọdún 1708. Ọbabìnrin Catherine Kejì tún ètò náà tò ní 1775. Nígbà tí a fi máa dé òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹkùn tó wà ní apá Yúróòpù nìkan ti di 50. Àṣẹ kan tó jáde ní 1837 pe gómìnà ní baálé ẹkùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ọrùn baálé ló ń wà.

Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló ń mú orúkọ ẹni tó yẹ wá, ọba á sì fọwọ́ sí i. Láti inú ìdílé ọlọ́lá, àwọn tó ní ilẹ̀ tó sì ti ń sin ọba láti ìran dé ìran, ni wọ́n ti sábà máa ń mú un. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Stolypin sí ní 1862. Ọ̀gágun ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì St. Petersburg, olú-ìlú Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn, lẹ́yìn náà ló lọ jókòó ti ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Kovno, tó wà ní Lithuania lónìí, ó sì di aṣáájú àwọn ọlọ́lá ibẹ̀. Ní 1902 wọ́n fi í ṣe gómìnà Grodno. Ẹni 40 ọdún ni, kò sì sí gómìnà tó kéré sí i lọ́jọ́ orí nígbà náà. Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ tí Plehve, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fi gbé e lọ sí Saratov, létí odò Volga, ẹkùn tó ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.4 tó sì ti ń gbóná lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìlú ni wọ́n máa ń gbé wá, bó bá sì ṣe ń mọ̀ ọ́n bọ̀, wọ́n lè tún gbé e lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ọwọ́ tí baálé yìí fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní igbákejì, ó ní akọ̀wé, àwọn ọlọ́pàá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò owó wà lọ́dọ̀ mínísítà ìṣúná. Àwọn ọmọ ogun wà lábẹ́ mínísítà ogun; bí gómìnà bá fẹ́ sójà, títọrọ ni yóò tọrọ. Àwọn ọlọ́pàá inú, tó ń ṣọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ní ọ̀gá tiwọn ní St. Petersburg. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà ìgbèríko sì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zemstvo, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1864. Gómìnà lè dá ìpinnu wọn dúró, àmọ́ òun kọ́ ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ní Saratov, ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà àti olùkọ́ zemstvo kò fẹ́ràn ìjọba ọba rárá, wọn kò sì fi bò.

Àwọn ọlọ́pàá tó kù sí i lọ́wọ́ pàápàá kò tó nǹkan. Ní 1900, gbogbo ọlọ́pàá ìgbèríko Rọ́ṣíà kò pé 9,000, àwọn tí wọ́n sì ń ṣọ́ ń lọ sí mílíọ̀nù 100. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo lórí ẹṣin lè máa ṣọ́ abúlé tí kò níye. Kò sí ohun tó lè mọ̀ àyàfi èyí tí àwọn ará abúlé bá fẹ́ kó mọ̀.

Ohun tí ìjọba fi dí ihò yìí ni òfin oṣù kẹjọ ọdún 1881, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi bọ́ǹbù pa Ọba Alexander Kejì. Níbi tí wọ́n bá ti kéde òfin yìí, gómìnà lè gbé àṣẹ jáde fúnra rẹ̀, ó sì lè sọ ẹni tó bá rú u sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí kó bu owó ìtanràn 500 ruble lé e, láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ kankan. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é, síbẹ̀ ó wà títí ìjọba ọba fi wó. Ní tèmi, òfin yìí ló ba iṣẹ́ gómìnà jẹ́ jù lọ, torí ó kọ́ ọ pé ẹ̀wọ̀n yá ju ìdájọ́ lọ.

Ogun Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ó sì kó ọmọ ogun lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1905 (kàlẹ́ńdà àtijọ́ Rọ́ṣíà là ń lò níbí, ọjọ́ 13 ló fi wà lẹ́yìn tiwa), àwọn ọmọ ogun yìnbọn lu òṣìṣẹ́ tó ń lọ bẹ ọba ní St. Petersburg. Gbogbo ilẹ̀ náà dàrú. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn, iná wọ oko. Àwọn àgbẹ̀ Rọ́ṣíà ní orúkọ fún un: àkùkọ pupa. Abúlé á ṣèpàdé, wọ́n á fohùn ṣọ̀kan, wọ́n á di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù lóru, wọ́n á lọ kó ọkà olóko ńlá tán, wọ́n á wá finá sí ilé rẹ̀ kó má baà ríbi padà sí. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni. Wọ́n ti dá àwọn baba wọn sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1861, àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò tó, ọdún 49 ni wọ́n sì ní kí wọ́n fi san owó rẹ̀. Ẹkùn Saratov wà lára ibi tí iná náà ti jó jù.

Tẹligíráàmù ni gómìnà fi ń jà. Ó ń tọrọ sójà, ó ń gbé Cossack láti abúlé kan dé èkejì, ìgbà tí wọ́n bá sì fi máa débẹ̀, eérú ni wọ́n sábà máa ń bá. Nígbà náà ni pàṣán á bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa kó èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀yìn àgbẹ̀ ló san gbèsè náà, kò sì yẹ kí ẹni tó bá ń yin Stolypin fo ibẹ̀ kọjá. Akin ni ọkùnrin náà lóòótọ́. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó dá wọ àárín èrò tó ń bínú, ẹnì kan fi kùmọ̀ kọjú sí i, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó jù ú sí onítọ̀hún, ó ní, “Bá mi mú un!” Ọ̀gbẹ́ni náà ju kùmọ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀wù. Àmọ́ ìjọba tó jẹ́ pé àyà gómìnà ló gbójú lé ti wọ gàù.

Bí apá gómìnà kò bá ká a, ọba á rán ọ̀gágun wá pẹ̀lú àṣẹ tó ju tirẹ̀ lọ. Sakharov, tó ti ṣe mínísítà ogun rí, ni wọ́n rán sí Saratov. Ilé Stolypin ni wọ́n fi í wọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni obìnrin ọlọ̀tẹ̀ kan, Anastasia Bitsenko, ti wá yìnbọn pa á ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá. Àwọn gómìnà náà kò bọ́: wọ́n ti pa ti Ufa ní 1903, wọ́n sì pa ti Samara, ẹkùn tó múlé ti Saratov, ní 1906.

Ọ̀nà kan ṣì kù tí gómìnà lè gbà sọ òótọ́ fún ọba, ìyẹn ìwé àbọ̀ ọdọọdún. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ bí oríkì. Nínú ti ọdún 1904, Stolypin kọ ọ́ pé ètò mir, tí abúlé fi ń pín ilẹ̀ tí ó sì ń tún un pín láti ìgbà dé ìgbà, ló ń jẹ́ kí òṣì àgbẹ̀ pẹ́, àti pé kí ìjọba jẹ́ kí àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ó ti rí àgbẹ̀ tó dá ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní Kovno, ó mọ ohun tó ń sọ.

Ní oṣù kẹrin 1906, ọba pè é wá ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ní oṣù keje, ó tún di olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò jókòó, ohun tó ti kọ ránṣẹ́ láti Saratov jáde gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ọba: àgbẹ̀ tó bá fẹ́ lè yọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú mir.