Ọmọ ọdún 10 títí láé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kàtúùnù tí kì í tán

Ọdún 1989 ni Bart Simpson, ọmọkùnrin inú kàtúùnù The Simpsons ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í da ìlú rẹ̀ láàmú lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ọdún 10 sì ni nígbà náà. Ọmọ ọdún 10 náà ló ṣì jẹ́ títí dòní. Ká ní ó ń dàgbà bíi tiwa ni, ì bá ti kọjá ogójì ọdún dáadáa, ì bá sì ti ju Homer bàbá rẹ̀ lọ, torí pé Homer fúnra rẹ̀ kò kúrò ní ìtòsí ogójì láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwa tá a fẹ́ràn kàtúùnù. Ẹ̀dá inú ìtàn ò gbó, a gbà. Eré náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nìyí, èsì tèmi náà sì rèé.

Èwo ló pẹ́ jù nínú wọn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní The Simpsons ni. Òun kọ́. Sazae-san ti ilẹ̀ Japan ni, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Fuji TV ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Guinness ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni kàtúùnù orí tẹlifíṣọ̀n tó pẹ́ jù lágbàáyé. The Simpsons ló pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ló sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí eré. Kó tó dìgbà náà, láti 1987, inú ètò apanilẹ́rìn-ín ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fi í há àyè. Detective Conan dé ní 1996, South Park ní 1997, Family Guy àti One Piece ní 1999. Gbogbo wọn ló ṣì ń lọ.

Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ dàgbà?

Torí pé kò sí ohun tó fi dandan mú wọn ni. Bí ọmọdé bá ń ṣeré lójú kámẹ́rà, lọ́dún mẹ́ta ohùn rẹ̀ á ti yí padà, irùngbọ̀n á sì máa yọ. Àwòrán kì í hu irùngbọ̀n. Obìnrin àgbàlagbà kan, Nancy Cartwright, ló ń fi ohùn ṣe Bart láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ọmọkùnrin kankan tí ohùn rẹ̀ máa dàgbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìdí kejì jẹ mọ́ owó. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń ra àwọn apá àtijọ́, wọ́n á sì máa gbé wọn jáde bó ṣe wù wọ́n, òní apá ti 1992, ọ̀la ti 2005. Bí ìtàn bá ń tẹ̀ síwájú láti apá kan dé èkejì, orí òǹwòran á dàrú. Torí ẹ̀ ni ilé tó jóná lọ́sẹ̀ yìí ṣe máa ń padà dúró bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láìsí ẹni tó máa béèrè ẹni tó tún un kọ́.

Tí wọ́n bá wá fẹ́ sọ ìtàn ìgbà èwe àwọn òbí ńkọ́?

Ibí yìí ló dùn jù lójú tèmi. Ní 1991, The Simpsons gbé apá kan jáde tó sọ bí Homer àti Marge ṣe pàdé: ọdún 1974 ni, wọ́n wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama, aṣọ àti orin ìgbà náà ló sì kún inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Ẹni tó jáde girama ní 1974 lè ní ọmọ ọdún 10 ní 1991 láìsí wàhálà.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó di 2008, ìṣirò náà ò bá ara mu mọ́, torí pé ẹni tó jáde girama ní 1974 ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn. Kí ni àwọn òǹkọ̀wé ṣe? Wọ́n gbé apá tuntun jáde lóṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn, wọ́n sì gbé ìgbà ọ̀dọ́ tọkọtaya náà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Homer di olórí ẹgbẹ́ olórin gírọ́ǹjì (irú orin rọ́ọ̀kì kan), ó ń pariwo ìbànújẹ́ rẹ̀ sínú gbohùngbohùn. Ẹ wò ó dáadáa o: ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 gan-an nìgbà tí eré náà ń jó bí iná, tí Homer ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta lójú gbogbo ayé! Ọ̀pọ̀ òǹwòran àtijọ́ bínú. Wọ́n ní wọ́n ti pa ìtàn ìgbéyàwó tí àwọn fẹ́ràn rẹ́.

Mo mọ ohun tó dùn wọ́n, àmọ́ mi ò rí ọ̀nà mìíràn tí àwọn òǹkọ̀wé náà ì bá gbà. Ẹni tó bá ní kí ọmọ má dàgbà ti gbà kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ máa sún síwájú lọ́dọọdún.

Ṣé lóòótọ́ ni The Simpsons ti bàjẹ́?

Bàjẹ́ ti le jù. Ó ti yàtọ̀, ni kí ẹ sọ. Àwọn tó mọ eré náà dunjú sábà máa ń nawọ́ sí apá kan tó jáde ní 1997, nínú èyí tí wọ́n ṣàdédé sọ pé Skinner, ọ̀gá ilé ìwé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Skinner, pé orúkọ olórúkọ ló ń jẹ́. Níparí rẹ̀, adájọ́ dá a láre pé kó máa jẹ́ Skinner lọ, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ẹni tó bá dán an wò á jìyà. Àwọn òǹkọ̀wé ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ayé ló ń wò tó fi ń pani lẹ́rìn-ín: ìjọba, ẹ̀sìn, iṣẹ́ oṣù, tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀, ó túbọ̀ ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Àìsàn mìíràn tún wà tí àwọn òǹwòran fi orúkọ Ned Flanders, aládùúgbò Homer, pè. Ẹ padà lọ wo Flanders nínú àwọn sáà àkọ́kọ́. Pápá iwájú ilé rẹ̀ gún régé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ràn, ara rẹ̀ yá mọ́ni, ohun tó sì ń bí Homer nínú nìyẹn, pé aládùúgbò òun sàn ju òun lọ, kò sì ṣẹ òun. Ó tún máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì gbé gbogbo èyí tó kù mì. Bó bá ti la ẹnu báyìí, ẹ ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Homer náà ò bọ́ nínú rẹ̀: bàbá tí orí rẹ̀ kú díẹ̀, àmọ́ tó ń gbìyànjú, ló di aláìgbọ́n tí kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni.

Kò sí ẹni tó jókòó pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ eré ń lọ, àwọn tó dàgbà sínú wíwò ó ń bọ̀, ohun tí àwọn wọ̀nyí sì rántí nípa Flanders ni ibi tó ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́.

Báwo wá ni Sazae-san ṣe ń ṣe tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn?

Torí pé kò ṣèlérí ohun tuntun fún ẹnikẹ́ni rí. Ìdílé kan ni, bàbá àgbà, ìyá àgbà, ọmọ àti ọmọ ọmọ nínú ilé kan náà, ìtàn kúkúrú mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin ilé purọ́, àṣírí tú, bàbá bá a wí, ó parí. Midori Kato ló ń fi ohùn ṣe Sazae láti 1969. Títí di 2013 ni wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ kun àwọn àwòrán rẹ̀ sórí ike tó mọ́ gaara, nígbà tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé kọ̀ǹpútà. Fóònù aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ìka yí nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n ń lò nílé náà.

Eré yìí ti wọ ara àwọn ará Japan débi pé wọ́n ní orúkọ fún ìbànújẹ́ tó máa ń dé bá òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú bó bá rántí pé ọ̀la ni Ajé: wọ́n ń pè é ní àìsàn Sazae-san. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ dúró ní 2020, tí wọ́n ní láti gbé àwọn apá àtijọ́ jáde, ìròyìn ńlá ló jẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣòro fún ẹni tó ń wò ó lóréfèé láti mọ ìyàtọ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi kí ń fi iye ọdún wọn eré. Ohun tó ṣèlérí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Sazae-san ṣèlérí pé nǹkan á rí bákan náà, ó sì ń mú un ṣẹ. The Simpsons ṣèlérí pé òun á máa yà yín lẹ́nu. Gbèsè tó wúwo nìyẹn fún ẹni tó ti ṣe ju 750 apá lọ.

South Park ńkọ́?

Ọgbọ́n tirẹ̀ ni ìyára. Apá kan The Simpsons máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ọjọ́ mẹ́fà ni Trey Parker àti Matt Stone sábà máa ń fi ṣe tiwọn. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ọjọ́ kejì ìdìbò tí Obama wọlé, apá tó dá lórí ìwọlé náà ti wà lórí afẹ́fẹ́. Iná ọba ló kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀: ó lọ lóṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọn ò sì bá àsìkò mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó gbóná lọ́sẹ̀ yìí kì í pẹ́ tútù. Ẹ wo apá kan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ máa rí i pé ẹ ní láti kọ́kọ́ rántí ìròyìn ìgbà náà kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Bí ẹni tó ń fi ohùn ṣeré bá kú?

Ọ̀nà méjì ló wà. Nígbà tí Ichiro Nagai tó ń ṣe bàbá àgbà nínú Sazae-san kú ní 2014, ẹlòmíràn gba ipò náà, ìdílé ń bá oúnjẹ wọn lọ. Nígbà tí Marcia Wallace, ohùn olùkọ́ Bart, kú ní 2013, àwọn ti The Simpsons ní kò sẹ́ni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń wo eré náà mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ apá, Bart máa ń kọ gbólóhùn kan náà kún pátákó gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Nínú apá kan tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló kọ, pé àárò olùkọ́ náà á sọ àwọn. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ìgbà tí eré náà jọ ẹni tó mọ̀ pé àkókò ń lọ nìyẹn, mi ò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Ṣé àwọn kan wà tó jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn wọn dàgbà?

Wọ́n wà. King of the Hill parí ní 2010, ó sì padà dé ní 2025 pẹ̀lú Bobby, ọmọ ilé náà, tó ti di ọmọ ọdún 21 tó ń se oúnjẹ tà. Arthur dúró dìgbà ìdágbére ní 2022 kó tó fi àwọn ọmọ náà hàn wá bí àgbà. Ash inú Pokémon ṣe ọmọ ọdún 10 fún ọdún 25, ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé, wọ́n sì gbé eré lé àwọn mìíràn lọ́wọ́ ní 2023. Bobby ló wú mi lórí jù nínú wọn, torí pé ìtàn tó ṣe é sọ ti padà dé.

Níbo ni kí ẹni tí kò wo The Simpsons rí ti bẹ̀rẹ̀?

Sáà kẹrin, 1992 sí 1993. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ lọ sí ìkẹta àti ìkarùn-ún. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti sáà kìn-ín-ní, àwòrán ibẹ̀ ṣì wọ́, ohùn Homer gan-an ò tíì rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fò lọ sí apá tuntun kan, èyíkéyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Bart ni mo ń gbè lẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá tí mo tún wo sáà kẹrin, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ṣàníyàn nípa owó ilé Marge.